Ìjà Ọsàn àti Àlùfáà

Nílé Màmá Josephine ní Fìdítì, ìjà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọ ẹnu. Ọsàn á ba sẹ́yìn ìkòkò omi bí olè, Àlùfáà á máa bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, àfi gbìì. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á máa yí gbirigbiri láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná dé ìdí igi ọsàn, etí ọ̀kan á wà lẹ́nu èkejì, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá ara wọn níkùn. Ọmọ ológbò ni àwọn méjèèjì o, ọwọ́ kan ni ọmọdé fi ń gbé wọn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ariwo wọn, ẹ ó rò pé ilẹ̀ bàbá wọn ni wọ́n ń pín.

Gbogbo ará ilé ló máa ń bá iṣẹ́ wọn lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó máa ń sáré jáde wá là wọ́n ni Ànúolúwapọ̀, ìyàwó tuntun. Á fò jáde láti inú yàrá, ìró lásán láyà, á ki ìgbálẹ̀ bọ àárín àwọn oníjà, á máa pariwo pé wọ́n fẹ́ pa ara wọn. Lọ́jọ́ kan, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀ jáde. Ọsàn á sá gba òsì, Àlùfáà á sá gba ọ̀tún, kí Ànú sì tó padà dé yàrá, wọ́n á tún ti wà lọ́rùn ara wọn.

Ẹ má bá a wí. Ànú nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Ìbàdàn ló ti dàgbà, nínú yàrá kan àti pálọ̀, òun àti ìyá rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Bàbá rẹ̀ ti kú kí ó tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Kò sí ẹni tó já ẹran gbà lọ́wọ́ rẹ̀ rí, kò sí ẹni tó da omi tútù sí i lójú oorun, kò sí ẹni tó gbé e ṣánlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí òun náà sì gbé ẹni yẹn ṣánlẹ̀ padà. Bí ìyá rẹ̀ bá ń lọ sí ibi iṣẹ́, á ti ilẹ̀kùn, á sì kìlọ̀ fún un pé bí ẹnikẹ́ni bá ń bú u, kó má fèsì, nítorí ẹni tó fèsì ló sọ ọ́ di ìjà. Ìmọ̀ràn yẹn gbè é nílé ìwé. Ó tún gbè é ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Jóbẹ̀lẹ̀, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ọkọ ni kò ti gbè é.

Ọjọ́ tí wọ́n mú un wọlé gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti da omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti gbàdúrà, ni Dorcas bá fà á lọ́wọ́ pé kó wá mọ ilé. Dorcas ni ìyàwó Nathaniel, ẹ̀gbọ́n Stephen tó fẹ́ Ànú, òun sì ni ìyáálé rẹ̀. Ìyá Fèyí ni Ànú ní láti máa pè é, nítorí Fèyí ni ọmọ rẹ̀. Dorcas rán an létí ohun tí gbogbo ìyàwó ilé mọ̀: ẹnikẹ́ni tó bá ti wà nílé yìí kó tó dé, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́, kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, àfi kó wá orúkọ ẹ̀yẹ fún un. Ó fi Fèyí hàn án: ọkọ. Ó fi ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá hàn án: ọkọ. Lẹ́yìn náà ló ṣí aṣọ lórí apẹ̀rẹ̀ kan ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Ìyá ológbò dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ọmọ méjì tí kò tíì lajú ń mu ọmú lára rẹ̀. Inú ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó yẹn gan-an ló bí wọn.

"Àwọn wọ̀nyí náà ti wà nílé kó o tó dé," Dorcas wí, kò sì rẹ́rìn-ín rárá. "Kí àwọn ọkọ ẹ."

Ànú wo ojú rẹ̀, kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Ó rò ó pé ará Ìbàdàn lòun, pé bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Fìdítì nìyẹn. Ó ká ẹ̀wù ìgbéyàwó funfun náà sókè, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú eékún méjèèjì níwájú apẹ̀rẹ̀, ó sì kí ọmọ ológbò pé ẹ kú ilé.

Ẹ̀rín tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn tó jókòó sábẹ́ ìbòòji níta dìde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Dorcas fi ara ti ògiri, ó ń fi etí aṣọ nu omi ojú. Ànú náà rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí ó lè bá wọn pé, ṣùgbọ́n ìtìjú gbóná sí i létí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tó wá burú ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ dá a lójú pé àwàdà ni. Nígbà tí àwọn ológbò náà dàgbà díẹ̀ tí Fèyí sọ wọ́n lórúkọ, ó pe pupa ní Ọsàn nítorí àwọ̀ rẹ̀, ó pe dúdú tó ní funfun lọ́rùn ní Àlùfáà. Màmá Josephine, ìyá ọkọ Ànú, ní àrífín ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi kì í fi àlùfáà ṣeré, kò sì pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ànú nìkan ni kò pè wọ́n lórúkọ. Apọ́nbéporé àti Adúmáradán ló ń pè wọ́n, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kó má baà ṣàṣìṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ọjọ́ tí Dorcas gbọ́ ọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú fún ẹ̀rín.

Láti ìgbà náà, Dorcas kò jẹ́ kó sinmi. Tíṣà ni, ohùn rẹ̀ ti mọ́ ọn lára láti máa dé ẹ̀yìn kíláàsì, ẹnu rẹ̀ kì í sì í gbé. Bí Ànú bá ń gbálẹ̀, á ní, "Ìyàwó, má bẹ ilẹ̀, gbá a." Bí Ànú bá ro ọkà tí kókó wà nínú rẹ̀, á béèrè bóyá kí àwọn jẹ ẹ́ ni àbí kí àwọn kó o sínú ọpọ́n ayò. Ó ní bó ṣe ń kí àgbà dà bí ìgbà tí wọ́n ń ka ìròyìn lórí rédíò. Bí Ànú bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà nírọ̀lẹ́, á ní kí gbogbo ilé dìde fún alága ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, Màmá náà á fi ọwọ́ bo ẹnu. Ànú á ní, "Ẹ ṣé, mà," á sì wọ yàrá lọ. Nínú yàrá ni yóò ti máa rò ó. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé Ìyá Fèyí kórìíra òun, pé àwọn yòókù kàn ń bá a gbè é ni.

Nígbà tó pẹ́, ó bẹ Stephen pé kí àwọn wá ilé sí Ọ̀yọ́. Kò sọ ìdí rẹ̀ gan-an. Ó ní wàhálà ọkọ̀ ti pọ̀, ṣebí Ọ̀yọ́ náà ni Stephen ti ń ṣiṣẹ́, òun náà lè máa wọ mọ́tò láti ibẹ̀ wá sí Jóbẹ̀lẹ̀. Stephen kì í ṣe ẹni tó lè wo ojú ìyàwó rẹ̀ tó bá fajú ro. Ó wá yàrá méjì tó mọ́ tónítóní, onílé sì ní kí wọ́n wá fún òun ní èsì ní Sátidé, nítorí àwọn mìíràn ń béèrè rẹ̀. Àwọn méjèèjì fi ọ̀rọ̀ náà sí abẹ́ ahọ́n, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Stephen kò bá a jiyàn rárá. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ló ti ń pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ nírọ̀lẹ́, á jókòó ti Màmá lórí bẹ́ǹṣì, á máa bá a bó ọsàn tí kò fẹ́ mu. Ànú ń wò ó láti ojú fèrèsé, ó sì ń dùn ún. Kò fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá tirẹ̀ náà kò ní ju ọmọ kan lọ, ó mọ ohun tó jẹ́. Kò sì mọ bí òun yóò ṣe máa gbé inú ilé tí wọ́n ti ń fi òun rẹ́rìn-ín títí òun yóò fi darúgbó. Sátidé ń bọ̀, ọ̀kan nínú méjèèjì ló sì ní láti mú.

Bóyá ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àánú Ọsàn ni kò jẹ́ kó gbádùn. Ọsàn ló kéré jù, òun sì ni Ànú máa ń bá nísàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá sáré jáde, Àlùfáà á ti gùn ún mọ́lẹ̀, á ti ki ẹnu bọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ànú wò ó, ó ní èmi náà nìyí. Nígbà tí wọ́n dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ó ki Ọsàn mọ́lẹ̀, ó gbé e wọ yàrá, ó tẹ́ aṣọ sínú páálí bísíkíìtì fún un, ó fún un ní ẹja gbígbẹ, ó sì ti ilẹ̀kùn. Àlùfáà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ké, ó ń ti ọwọ́ bọ abẹ́ ilẹ̀kùn.

Dorcas kọjá, ó rí i. "Ìyàwó," ó wí, "ọkọ méjì la fún ẹ, ọ̀kan ṣoṣo lo mú wọ yàrá. Wò ó bí èkejì ṣe ń jowú." Stephen rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Ànú wo Stephen, ẹ̀rín náà sì kú lẹ́nu rẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo nǹkan dára. Ọsàn jẹun, ó sùn, ó tún jẹun. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dọdẹ ẹsẹ̀ Stephen lábẹ́ aṣọ ìbora. Ó gun kọ́tìnì títí ó fi ya. Bó bá rí ọwọ́ Ànú, á fò mọ́ ọn, á sì bù ú jẹ. Ànú kì í lù ú, kì í jágbe mọ́ ọn. Á kàn yọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́, á máa fara dà á gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń fara da gbogbo nǹkan, Ọsàn á sì tún le ju ti àná lọ. Nígbà tó di àárín ọ̀sẹ̀, bó ṣe ń na ọwọ́ láti fún un lóúnjẹ, Ọsàn dì mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ki eyín bọ̀ ọ́ dé ibi tó lè ki í dé, ó sì ń fi èékánná ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ya á lára. Igbe tí Ànú ké lọ́jọ́ náà, kò ké irú rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti wọ ilé náà.

Gbogbo ilé ya lù ú. Màmá fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà títí apá òun fúnra rẹ̀ fi ń ro ó. Bàbá Fèyí gbé Ànú sórí ọ̀kadà lọ gba abẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n padà dé, Dorcas ti se oúnjẹ tó yẹ kí Ànú sè, ó ti gbálẹ̀ yàrá rẹ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kankan. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn fún Ọsàn pẹ̀lú. Ànú jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún. Oró eyín náà kọ́ ló ń pa á lẹ́kún. Ohun tó dùn ún ni pé òun ló ṣe ológbò náà lóore jù nínú ilé, òun náà ló sì bù jẹ.

Kò lọ sí ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, báńdéèjì lọ́wọ́, Màmá jókòó tì í, ó ń fa ẹ̀gúsí. Àlùfáà nà gbalaja sínú oòrùn. Ọsàn yọ láti ẹ̀yìn ìkòkò, ó bà, ó fò mọ́ ọn, ó sì bù ú létí jẹ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń bu Ànú jẹ nínú yàrá.

Àlùfáà ké. Igbe náà tín-ín-rín, ó sì mú. Ànú ti dìde láti mú ìgbálẹ̀, ọwọ́ tó ń ro ó ló dá a padà sórí ìjókòó. Nígbà náà ló wá rí ohun tí kò rí rí, nítorí kò tíì jẹ́ kí ìjà kan parí lójú rẹ̀. Àlùfáà kò gbẹ̀san. Ó kàn fi Ọsàn sílẹ̀, ó rìn lọ síbi odi, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń lá èjìká ara rẹ̀. Ọsàn dúró, kò mọ ohun tó kàn. Ó lọ fọwọ́ kàn án, Àlùfáà kò dá a lóhùn. Ó yí i ká. Nígbà tó yá, Ọsàn fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dojú ikùn kọ ọ̀run, ó ká ọwọ́ méjèèjì sókè. Àlùfáà wò ó, ó tún lá èjìká díẹ̀ sí i kó má baà dà bí ẹni tó yá lára, lẹ́yìn náà ló fò lé e.

Ànú tẹjú mọ́ ẹnu wọn. Ẹnu là sílẹ̀ gbàgà, eyín ń hàn, ṣùgbọ́n wọn kò pa á dé mọ́ ara. Ó wo ọwọ́ wọn, èékánná kan ò yọ síta. Kò pẹ́, ẹni tó wà nísàlẹ̀ bọ́ sókè, tòkè bọ́ sísàlẹ̀, wọ́n sì tún pààrọ̀ rẹ̀. Ọsàn gun Àlùfáà pẹ́ ju bí Àlùfáà ṣe gùn ún lọ.

Ànú bi Màmá bóyá gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń ṣe báyìí. Màmá ní ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni Nathaniel àti Stephen ṣe, pé eyín iwájú Nathaniel tó kán, orí Stephen ló kán an, pé inú yàrá tí Ànú ń sùn gan-an ni. Ànú béèrè ohun tí Màmá ṣe sí i.

"Kí ni mo fẹ́ ṣe?" Màmá ń fa ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. "Ẹni tí nǹkan bá dùn yóò ké. Bí wọn ò bá ti ké, mi ò kì í dá sí i. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ànú lára ju abẹ́rẹ́ àná lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Dorcas ti ilé ìwé dé, ẹnu rẹ̀ sì ti tún yá. Ó bá Ànú níbi tó ti ń fi ọwọ́ kan ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Ẹ̀wà ń bọ́ sílẹ̀, òkúta ń wà nínú ohun tó ti ṣà. Dorcas dúró lé e lórí, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ìyàwó, ṣé bí màmá ẹ ṣe kọ́ ẹ láti máa ṣa ẹ̀wà nìyí, àbí nọ́ọ̀sì kì í jẹ ẹ̀wà?"

Fèyí rẹ́rìn-ín. Stephen, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣé, mà" ti dé ètè Ànú, bí ó ti máa ń dé. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wá.

"Ìyá Fèyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyá mi ṣeré. Òun nìkan ló tọ́ mi. Èyí dùn mí."

Ànú di àtẹ mú, ó ń retí kí ìjà gidi wá bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un láti kékeré nìyẹn, pé ẹni tó bá fèsì ló pè é. Dorcas gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó fa àpótí ìjókòó kan, ó jókòó sí òdì kejì àtẹ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà.

"Mo gbọ́," ó wí. "Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́."

Wọ́n ṣa ẹ̀wà. Dorcas tún lanu, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀, bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò.

"Ọkà ńkọ́? Ṣé mo lè máa sọ ti ọkà?"

Ànú rò ó. Kókó wà nínú ọkà rẹ̀ lóòótọ́, kò sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀. "Ẹ lè máa sọ ti ọkà," ó fèsì.

"Ti ìgbálẹ̀?"

"Ẹ lè sọ ti ìgbálẹ̀ náà."

"Alága ìjọba ìbílẹ̀ ńkọ́?"

Ànú fẹ́ dáhùn, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde. Ó ní wọ́n lè sọ ọ́, tí wọn ò bá ti sọ ọ́ lójú àwọn ará ọ́fíìsì òun. Dorcas ní òun gbà. Bí àwọn méjèèjì ṣe parí àdéhùn nìyẹn, láìsí ẹlẹ́rìí, lórí àtẹ ẹ̀wà. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí ohun tí Ànú rò lórí ibùsùn. Oorun ló sùn.

Sátidé pé. Stephen ti múra láti lọ bá onílé ní Ọ̀yọ́, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń nu bàtà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń wo ojú Ànú, Ànú sì ń fọ abọ́ ní àgbàlá bí ẹni tí kò mọ̀ pé ojú ń wo òun. Ó ti mọ ohun tó fẹ́ sọ fún un. Kò kàn tíì rí àyè tí etí ẹlòmíràn kò ní gbọ́.

Dorcas ń lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìwàrè lọ́jọ́ náà. Ó ti wà ní ẹnu géètì, ó ń pe ọ̀kadà pẹ̀lú ohùn kíláàsì. Èyí àkọ́kọ́ kọjá, èkejì náà kọjá. Ló bá padà wọlé, inú ń bí i díẹ̀.

"Ìyàwó, dìde wá bá mi pe ọ̀kadà. Ohùn ìròyìn tìrẹ yẹn, bóyá wọ́n á rò pé ìjọba ló ń pe àwọn."

Ànú kò gbójú sókè kúrò lára abọ́. "Kí ni mo tún fẹ́ máa pè, Ìyá Fèyí? Èyí tí ẹ pè lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọlọ́kadà ní Akínmọ̀rín lọ́hùn-ún ti gbọ́. Wọ́n ti ń bọ̀ lọ́nà."

Dorcas la ẹnu, kò rí nǹkan sọ, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ilé náà. Màmá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí rẹ̀, Bàbá Fèyí ń gbá ògiri nínú yàrá níbi tó ti gbọ́ ọ. Dorcas ju báàgì sílẹ̀, ó gbé abọ́ omi tí Ànú fi ń ṣan àwo, ó sì ké pé òun yóò wẹ ìyàwó lónìí. Ànú fò dìde, ó sá. Wọ́n yí igi ọsàn ká, wọ́n yí i ká lẹ́ẹ̀kan sí i, omi bá Ànú ní gbogbo ẹ̀yìn. Òun náà bu omi nínú ìkòkò, ó fọ́n ọn sí Dorcas, kò bá Dorcas, Bàbá Fèyí tó ń jáde bọ̀ ni ó gba gbogbo rẹ̀ sójú. Ẹ̀rín tí Ànú ń rín, wọn ò tíì gbọ́ ọ rí nínú ilé náà: ó ròkè, kò sì ní ìjánu.

Stephen náà rí i, inú rẹ̀ sì dùn kọjá ohun tí ẹnu rẹ̀ lè gbà. "Ànú," ó pè é láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, "ṣé kí n pe onílé Ọ̀yọ́ yẹn, kí n ní a ò wá mọ́?"

Gbogbo nǹkan dúró. Dorcas ń mí hẹlẹhẹlẹ, abọ́ tí omi díẹ̀ kù nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Onílé wo?"

Stephen wo ilẹ̀. Màmá wo Stephen, ẹ̀rín ti lọ lójú rẹ̀. Dorcas kò tún béèrè. Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ó ń fún omi lára aṣọ rẹ̀. Nísinsìnyí ni Ànú mọ̀ pé òun ló ṣe ẹlòmíràn ní ìpalára, kì í sì í ṣe eré.

Ó lọ bá a. Ó kúnlẹ̀, omi ń kán lórí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kó kúnlẹ̀.

"A fẹ́ kó lọ ni, Ìyá Fèyí. Nítorí yín ni. Mo rò pé ẹ kórìíra mi."

Dorcas wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tó ń sọ. "Kórìíra ẹ?" Ó mi orí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn kíláàsì kọ́ ló fi sọ ọ́. Ànú nìkan ló gbọ́ ọ.

"Wo gbogbo àwọn tó ń wò wá yẹn. Ilé bàbá wọn ni wọ́n wà. Bí mo bá bá Màmá ṣe ẹ̀fẹ̀, màá wo ojú wọn kí n tó parí ẹ̀. Bí mo bá jágbe mọ́ Fèyí tí mo bí, ọmọ wọn ni mò ń jágbe mọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, èmi nìkan ni mo wá láti ìta. Nígbà tí wọ́n ní Stephen ń mú ìyàwó bọ̀, o ò mọ bí mo ṣe yọ̀ tó. Mo ní ẹni tí màá máa bá jà ti dé."

Ànú wẹ̀yìn, ó rí i pé Stephen ti gbé fóònù sétí, ó ń jìnnà lọ síbi géètì. Ó na ọwọ́ tí kò ní báńdéèjì, ó gbé abọ́ omi náà nílẹ̀, ó da gbogbo èyí tó kù nínú rẹ̀ sí Dorcas láyà, ó dìde, ó sì sá.